Ìkéde Òkú tí Dafinka Lẹ̀ Mọ́ Òpó

Ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo ló lè fa wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì dé abúlé wa lórí òkè Rhodope, wọ́n sì ti sọ tẹnu wọn: àfi kí ilé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fọwọ́ síwèé. Ti sátẹ́láìtì wà lóòótọ́, àmọ́ owó oṣù kan rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé ìdajì owó ìfẹ̀yìntì Dafinka lọ. Plamena ọmọ ọmọ rẹ̀, tó ń fi kọ̀ǹpútà kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, fẹ́ wá máa gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Bí íńtánẹ́ẹ̀tì kò bá dé, ìlú Sofia ló máa padà sí.

Dafinka pèpàdé lẹ́ẹ̀mejì. Èèyàn mẹ́ta ló wá, ọ̀kan nínú wọn sì wá yá àkàbà ni. Èmi Gencho, aládùúgbò rẹ̀, kò tiẹ̀ yọjú. Kí ni mo fẹ́ fi íńtánẹ́ẹ̀tì ṣe, èmi tí ewúrẹ́ mẹ́rin ń dà láàmú?

Ohun tí obìnrin yìí wá ṣe, mo ṣì ń kan sáárá sí i. Ó mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń ka ìwé ìpàdé níbí, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń ré ìkéde òkú kọjá lára òpó. Ó bá tẹ ìwé onílà dúdú, ó lẹ̀ ẹ́ kiri: "Pẹ̀lú ẹ̀dùn ọkàn, a ó dágbére fún ẹni ọ̀wọ́n wa ní Sátidé, aago mẹ́wàá, níwájú ṣọ́ọ̀ṣì." Àwòrán abúlé ló fi síbi tí fọ́tò òkú máa ń wà. Ta ló mú awò ojú dání? A rò pé fọ́tò náà ló ṣe bàìbàì.

Gbogbo wa wá, tòun ti òdòdó méjì-méjì bó ṣe yẹ òkú. Àwọn kan tiẹ̀ ti se àlìkámà ìsìnkú.

"Ta ló kú?" mo bi í.

"Abúlé yìí ni. Kò tíì kú tán. Ẹ wá fọwọ́ síwèé."

"O ò bẹ̀rù Ọlọ́run, Dafinka."

"Mo bẹ̀rù ẹ̀. Ilé tó ṣófo náà ń bà mí lẹ́rù. Jẹ àlìkámà ẹ."

Ẹ̀rín sọ. Ilé mẹ́rìnlá fọwọ́ sí i, ni gbogbo ojú bá yí sọ́dọ̀ mi. Inú ń bí mi pé ó rí mi mú.

Plamena sún mọ́ mi. "Bàbá Gencho, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fipá mú yín. Mo ti di ẹrù mi láti padà sí Sofia."

Mo gba bírò.

Títí dòní n kò ní kọ̀ǹpútà. Wáyà náà wà lára ògiri mi, mò ń sanwó rẹ̀ lóṣooṣù. Láàárọ̀, bí mo bá ń da ewúrẹ́ jáde, mo máa ń gbọ́ ohùn Plamena láti ojú fèrèsé Dafinka, tó ń kọ́ ọmọ tí n kò rí ní ìsọdipúpọ̀, n ó sì dúró díẹ̀.