Họ́ọ̀pù Bàbá Mi Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọgbà Kadlec

Ìdí họ́ọ̀pù kan ṣoṣo ni bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi. Òdòdó rẹ̀ la fi ń mú kí bíà tí à ń pọn nílé korò. Kò sí irú rẹ̀ mọ́ ní abúlé wa nítòsí ìlú Žatec ní ilẹ̀ Czech, nítorí àwọn olóko ti hú tiwọn, wọ́n ti gbin irú tuntun. Bí tèmi bá kú, ó parí nìyẹn.

Lọ́dún yẹn, Ọjọ́ Jòhánù Mímọ́ pé ní ìparí oṣù kẹfà, ìgbà tó yẹ kí họ́ọ̀pù ti gun òpó dókè, tèmi kò ga ju àyà mi lọ. Ewé rẹ̀ ń pọ́n. Mo yí ewé náà wò, n kò rí kòkòrò. Mo wá ihò eku nídìí rẹ̀, kò sí. Ó wá ku Kadlec.

Bohumír Kadlec ni aládùúgbò mi. Nígbà tó ń ṣe ọgbà igi tuntun sáàárín ilẹ̀ àwa méjèèjì, ó sún un wọ ilẹ̀ wa. Ó ní irọ́ ni, n kò sì kí i mọ́ láti ọjọ́ náà. Ẹ̀bá ọgbà yẹn gan-an ni họ́ọ̀pù náà wà. Mo sọ fún Ludmila, ìyàwó mi, pé Kadlec ń da oògùn apakoríko sí i. Ó béèrè bóyá mo rí i. Mo ní ẹni tó ń ṣe irú ẹ̀ kì í jẹ́ kí wọ́n rí òun.

Kí n lè fọ oògùn náà kúrò, mo ń bu omi sí i láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, garawa lórí garawa. Bó ṣe ń pọ́n sí i ni mò ń bu omi kún un.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Kadlec fara ti ọgbà.

"Jindřich, omi lo fi ń pa nǹkan yẹn. Òjò ti rin ín gbingbin tẹ́lẹ̀. Wú u, gé ibi tó ti jẹrà dànù, kó o tún ibi tó dáa gbìn sórí ilẹ̀ gíga. Fún èmi náà ní ègé kan, bí tìẹ ò bá hù ńkọ́."

Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn nìkan ló wọ etí mi. Ó ti tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ bàbá mi rí, bàbá mi ò fún un.

"Ohun tó o ti ń wá látọjọ́ yìí nìyẹn."

"Kó má kú ni mò ń wá, olóríkunkun."

Mo gbé garawa mi. Kí ìgbà ìkórè tó dé, ó ti gbẹ pátápátá. Nígbà tí mo wú u, gbòǹgbò rẹ̀ dúdú, ó rọ̀, ó ń rùn bí ọ̀dùnkún tó rà.

Nígbà tí òtútù lọ, mo rí ẹ̀ka kan tó ń gun òpó Kadlec. Ìlà pupa wà lára rẹ̀. Ti bàbá mi nìkan ló nírú ìlà bẹ́ẹ̀.

"Olè," mo wí fún Kadlec.

"Gbòǹgbò ẹ̀ ló gba abẹ́ ọgbà wá. Ṣé èmi ni mo ránṣẹ́ pè é ni?"

"Ìgbà wo ló dé?"

"Bi í léèrè."

Ludmila sọ̀rọ̀ lẹ́yìn mi, ó fi orúkọ ọmọ wa pè mí: "Bàbá Milena, ṣé ẹ fẹ́ jàre ni, àbí ẹ fẹ́ họ́ọ̀pù?"

Kadlec walẹ̀, ó gé gbòǹgbò kan tó ti ń rúwé, ó béèrè ibi tí màá gbìn ín sí. Mo ní orí òkè lẹ́yìn ilé adìyẹ. Ó ní ibẹ̀ dáa. Ó nà án sí mi lórí ọgbà.

Mo gbà á. N kò dúpẹ́. Mo kọ́kọ́ gbé e sí imú, mo gbóòórùn rẹ̀ dáadáa bóyá oògùn wà lára rẹ̀, kí n tó lọ gbìn ín.