Ajá Tí Mo Sọ Ní Kòsẹ́gba

Lọ́jọ́ tí mo gbé ọmọ ajá náà wọlé, Bàbá ò wo ojú rẹ̀, wọn ò sì wo ojú mi. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná ni wọ́n wò, níbi tí ẹgba aláwọ wọn ti ń fì lórí ìṣó láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Ẹ̀ṣọ́ ilé ìkẹ́rùsí ni Bàbá kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Gbogbo ajá tí wọ́n kọ́ níbẹ̀, ẹgba yẹn ni wọ́n fi kọ́ wọn. Ẹgba yẹn náà ni wọ́n fi tọ́ èmi ọmọ wọn.

"Láti kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò," ni Bàbá wí. "Òní ló máa mọ̀ pé èmi ni ọ̀gá."

"Bàbá, ẹnikẹ́ni ò ní na ajá yìí."

"Nínú ilé ta?"

"Nínú ilé yín náà ni, sà."

Ọ̀rọ̀ ti bọ́ lẹ́nu mi. Èmi tí mò ń rán báàgì tà, tí ewú ti yọ lórí mi, ìka mi ṣì ń gbọ̀n torí pé mo dá bàbá mi lóhùn. Gbígbọ̀n yẹn bí mi nínú ju ẹgba lọ.

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Ó dáa. Ọjọ́ tí mo bá pè é tí kò wá, ilé ìkẹ́rùsí ló ń lọ. Wọ́n á so ó mọ́ ṣéènì níbẹ̀, á gbọ́n tipátipá."

Ọjọ́ náà gan-an ni mo sọ ọ́ lórúkọ. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ẹni tí a ò bá lè bá wí lójúkojú, orúkọ ajá la fi ń bá a sọ̀rọ̀. Mo dúró sí àárín pálọ̀, mo pè é ní Kòsẹ́gba.

"Ta lò ń bá wí?" Bàbá bi mí.

"Ajá ni mò ń pè, sà."

Wọ́n ní orúkọ rádaràda yẹn ò ní ti ẹnu àwọn jáde láéláé. Láti ọjọ́ náà, "Ìwọ" ni wọ́n ń pè é.

Mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ mi. Ìrẹsì rírọ̀ ni mo ń sè fún un, mo ń po ẹja tí mo ti ṣa egungun rẹ̀ mọ́ ọn, láìsí iyọ̀, láìsí ata. Díẹ̀díẹ̀ ni mo ń fún un, torí ikùn rẹ̀ ò ju ìkúùkù lọ. Àtẹ́lẹwọ́ mi ni mo kọ́kọ́ fi bọ́ ọ, kó lè mọ̀ pé ọwọ́ èèyàn lè mú nǹkan mìíràn wá yàtọ̀ sí ìyà. Nígbà tó yá, mo bọ́ sórí abọ́. Tó bá fò mọ́ mi, abọ́ á padà sókè. Tó bá jókòó, abọ́ á sọ̀ kalẹ̀. Kò pẹ́ tó fi rí i pé ìdí òun ló ń gbé abọ́ wálẹ̀.

Tó bá jẹun tán, màá gbé e lọ sẹ́yìnkùlé. Tó bá tọ̀ síbẹ̀, màá yìn ín débi pé alágbàfọ̀ ìtòsí wa tó fún mi ní ajá náà máa ń yọjú lórí ògiri, á bi mí bóyá mo jẹ tẹ́tẹ́ ni. Tó bá tọ̀ sí pálọ̀, màá nù ún, màá sì pa ẹnu mi mọ́. Ẹ̀bi tèmi ni, èmi ni mi ò tètè gbé e jáde.

Orúkọ rẹ̀ ńkọ́? Mi ò fi bá a wí rí. Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí Bàbá bá ti pe orúkọ mi, ibi tí màá sá sí ni mo máa ń kọ́kọ́ wá. Àṣìṣe ilé wa nìyẹn: a ó pe èèyàn wá jẹyà, a ó tún máa bínú pé kò tètè dé. Èmi máa ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ni, màá tẹ́ ọwọ́, màá pè é jẹ́jẹ́, ẹyin sísè díẹ̀ á sì wà níbẹ̀.

"Ajá tó máa sọ nù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ," Bàbá ń kùn lórí àga wọn.

"Ọdẹ tí ajá ò gbọ́ fèrè rẹ̀, sà, kó yẹ fèrè náà wò."

Wọ́n ní mo ti ń ya aláfojúdi. Àwọn àgbà ní tí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún na ọmọ, ká fi tòsì fà á mọ́ra. Ti Bàbá, ọ̀tún nìkan ni mo mọ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo lọ fi báàgì jíṣẹ́. Bí mo ṣe dé òdìkejì títì, mo rí i pé géètì wa ṣí sílẹ̀ gbayawu. Kòsẹ́gba ti yọ́ jáde, Bàbá sì ti lọ mú ẹgba. Wọ́n dúró sẹ́nu géètì, wọ́n ń fì í sókè.

"Ìwọ! Wá síbí! Ìwọ!"

Ajá náà ń wo ẹgba, ó ń fẹ̀yìn rìn bọ̀ sí títì. Àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ń sáré kọjá lẹ́yìn rẹ̀.

Orúkọ rẹ̀ ti dórí ahọ́n mi, mo gbé e mì. Tí mo bá pè é, á sáré gba àárín ọkọ̀ wá bá mi, torí pé mo ti kọ́ ọ dáadáa. Mo sá sẹ́yìn mọ́tò kan tó dúró kó má baà rí mi, mo wá gbé ọwọ́ sókè sí Bàbá. Mo ṣe bí ẹni ju nǹkan nù. Mo fọwọ́ sọ fún wọn pé kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo tẹ́ àtẹ́lẹwọ́. Wọ́n wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Mo tún un ṣe, mo sì fojú líle wò wọ́n, ojú tí mi ò fi wo bàbá mi rí láyé mi.

Wọ́n ju ẹgba sílẹ̀. Orúnkún wọn ò dáa, nítorí náà wọ́n fi ọwọ́ ọ̀tún di géètì mú, wọ́n lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, wọ́n wá tẹ́ ọwọ́ òsì. Mo rí i tí ètè wọn ń mì, ariwo ọkọ̀ ni ò jẹ́ kí n gbọ́. Nígbà tí títì dá díẹ̀, mo gbọ́ ọ.

"Kòsẹ́gba. Kòsẹ́gba, jọ̀ọ́."

Ajá náà wo ọwọ́ yẹn. Ó rìn lọ bá wọn, ó sì jókòó, torí bí a ṣe ń gba oúnjẹ nílé wa nìyẹn. Kò sí nǹkan kan lọ́wọ́ Bàbá. Ó lá a bẹ́ẹ̀.

Mo sọdá, ẹkún àti ìbínú dàpọ̀ lójú mi.

"Orúkọ rádaràda," ni Bàbá wí, lórí ilẹ̀ níbẹ̀.

"Ó jẹ́ ẹ, sà."

Mo fà wọ́n dìde. Mo mú ẹgba náà, ṣùgbọ́n mi ò gbé e padà sórí ìṣó. Orí tábìlì iṣẹ́ mi ni mo gbé e lọ. Mo wọn ọrùn Kòsẹ́gba, mo gé awọ náà, mo lu ihò sí i, mo rán irin ìdè báàgì mọ́ ọn. Ó bá ọrùn rẹ̀ mu rẹ́gí. Mo gé èyí tó kù wẹ́lẹwẹ̀lẹ.

Lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, Bàbá wo ìṣó tó ṣófo, wọ́n wo ọrùn ajá.

"Ta ló gé ẹgba mi?"

Láyé ìgbà kan, màá ti wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì kí ìbéèrè yẹn tó parí. Mo dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró, mo gbójú sókè. Ọwọ́ mi ò gbọ̀n.

"Èmi ni, Bàbá."