Èsì Tí Kò Dé

Ìròyìn ayọ̀ náà pẹ́ ní ọjọ́ kan kí ó tó tẹ Ìyá Ẹ̀rọ lọ́wọ́. Orúkọ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀ nìyẹn, nítorí láti ìgbà tó ti gbà á síṣẹ́ nílé-iṣẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ló ti ń jókòó sínú yàrá ẹ̀rọ tí kò ní fèrèsé, tó ń ṣọ́ àwọn iná wínníwínní tí ń ṣẹ́jú. Olè ti jí bátìrì níbẹ̀ rí, nítorí náà ẹ̀gbọ́n a máa ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn láti ìta, kọ́kọ́rọ́ a sì wà lápò rẹ̀.

Ìròyìn náà ni pé wọ́n ti fún Ìyá Ẹ̀rọ níṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi tí ń tún wáyà abẹ́ òkun ṣe, bó bá lè fèsì kí ilẹ̀ àná tó ṣú.

Ó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ló ní kí ọ̀rọ̀ àwọn oníbàárà máa kọ́kọ́ kọjá, kí ti àwọn fúnra wọn máa tò sẹ́yìn. Bí èrò bá sì ti pọ̀ lójú ọ̀nà, ti ẹ̀yìn ni ẹ̀rọ ń dà nù. Ẹ̀rọ tó fi ìròyìn iṣẹ́ náà ránṣẹ́ retí kí wọ́n dá a lóhùn pé ó ti dé. Kò gbọ́ nǹkan kan, ó bá tún fi í ránṣẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn ó dúró pẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ, kó má baà dá kún èrò ojú ọ̀nà, ó sì tún gbìyànjú. Bẹ́ẹ̀ ni ìdúró ń gùn sí i, títí ìròyìn náà fi wọlé lónìí.

Ìyá Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ńkọ́? Gbogbo ìgbà tó bá ní òun fẹ́ lọ, ẹ̀gbọ́n á ní, "A ó máa wò ó." Ẹ̀gbọ́n yìí ló tọ́ ọ dàgbà, nítorí náà á dákẹ́ pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ kó tó tún béèrè.

Kọ́kọ́rọ́ dún. Ẹ̀gbọ́n gbé oúnjẹ wọlé.

"Ìyá Ẹ̀rọ, àwọn ọmọ ẹ ò sunkún lónìí?"

"Wọn ò sunkún, bọ̀dá. Wọ́n fún mi níṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi yẹn. Àná ló yẹ kí n fèsì."

"Tó bá ti jẹ́ àná, ó ti parí nìyẹn. Jẹun."

"Ṣé ẹ máa ń gbọ́ tí mo bá ń bẹ̀ yín?"

"Mò ń gbọ́. Ṣé mo sọ pé rárá ni?"

"Ẹ ò sọ rárá, ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀rọ pàápàá, tí ò bá gbọ́ èsì títí, ó máa ń ṣíwọ́."

Ohùn ẹ̀gbọ́n rọlẹ̀. "Ta ló máa wá bá mi ṣọ́ ibí?"

Àánú ẹ̀gbọ́n ṣe é. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ṣì wà ní ṣíṣí lẹ́yìn rẹ̀, atẹ́gùn ìta sì ń wọlé.

"Ẹ wá ẹlòmíì, bọ̀dá. Mi ò béèrè mọ́. Mò ń lọ sí èbúté báyìí, kódà bí wọ́n bá ti fún ẹlòmíì níṣẹ́ náà. Mi ò ní padà wá jókòó síbí."