Okùn Ìwọ̀n Ọ̀dọ́bìnrin Méje

Igi ni Sìdíkátù aránṣọ fi gbé e sókè nínú páálí, bí ẹni ń gbé òkú eku. Aṣọ náà rọ̀ sórí igi náà. Kò ní ẹsẹ̀, kò ní yẹ̀rì, ó kéré débi pé ọmọ ọdún mẹ́ta ni èèyàn ìbá rò pé wọ́n rán an fún, bí kò bá jẹ́ pé ó ń fà.

"Maître, ẹ súnmọ́ ọn kẹ́ ẹ gbóòórùn rẹ̀," ó ní. "Àbí imú yín dí ni?"

Honoré rẹ́rìn-ín. Olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ni, òun náà ló sì ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́bìnrin Ifangni ní ijó. Ballet ni gbogbo ìlú ń pe ẹgbẹ́ oníjó náà, torí bẹ́ẹ̀ ni rédíò Cotonou ṣe máa ń pe gbogbo ẹgbẹ́ tó bá ti ń jó níwájú àwọn aláṣẹ. "Naphtaline ni, Ìyá. Wọ́n fi sí i kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́ lójú òkun."

"Kì í ṣe naphtaline nìkan. Mo mọ òórùn naphtaline, mo sì mọ òórùn abíyá. Abíyá èèyàn lèyí!" Ó yí aṣọ náà padà. Lábẹ́ apá méjèèjì, àbàwọ́n wà níbẹ̀ tó ti gbó mọ́ aṣọ lára, tí ọṣẹ ò lè mú kúrò mọ́. Sìdíkátù yí imú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó da nǹkan náà padà sínú páálí, ó tutọ́ sí ìta, ó sì fi omi ṣan ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, bẹ́ẹ̀ igi ló fi gbé e. "Ṣíọ̀! Ẹni tó bọ́ ọ ò tiẹ̀ fọ̀ ọ́ kó tó fi ṣọrẹ."

Ọdún kẹta nìyẹn tí Dahomey ti di Bénin, tí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ kí nǹkan rọ̀ ọ́ lọ́rùn ń pe ara wọn ní camarade, ìyẹn ẹlẹgbẹ́ nínú ìjà. Páálí aṣọ náà ti orílẹ̀-èdè ọ̀rẹ́ kan wá láti òkè òkun. Camarade Cyprien, aṣojú ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó eré àti ijó, ló gbé e rán sí Sìdíkátù pé kí ó wò ó, kí ó fi aṣọ pupa tuntun rán méje bíi tirẹ̀. Méje ni àwọn oníjó. Ọjọ́ mẹ́jọ sí i, wọn yóò lọ jó ní Porto-Novo. Fàtímọ̀, ọmọ-ọmọ Sìdíkátù, wà lára wọn. Kò sí èyí tí kò tíì pé ogún ọdún nínú wọn, ṣùgbọ́n ọ̀dọ́ ni gbogbo wọn, kò sí èyí tó tíì wọlé ọkọ.

"Mi ò lè rán an," ni Sìdíkátù wí. "Aṣọ tí ìdodo ọmọ yóò yọ lábẹ́ rẹ̀? Kí wọ́n kúkú jó níhòòhò, kí n má fi òwú mi ṣòfò."

Honoré fa ìwé ńlá kan yọ nínú báàgì rẹ̀, ìwé àtijọ́ táwọn òyìnbó fi sílẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́, tí ikán ti jẹ létí. "Bon. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Aṣọ yìí ní ìtàn. Ṣé ẹ mọ̀ pé ọkùnrin ló kọ́kọ́ wọ̀ ọ́?"

"Ọkùnrin?"

"Ọkùnrin ará Toulouse kan, Léotard lórúkọ rẹ̀, ó ti lé lọ́gọ́rùn-ún ọdún. Igi tí wọ́n fi okùn so rọ̀ lókè ló fi ń ṣeré. Á fò kúrò lórí ọ̀kan, á di èkejì mú lójú òfuurufú. Aṣọ gbàgẹ̀rẹ̀ lè há kó pa á. Donc, ó wá aṣọ tó lẹ̀ mọ́ ọn lára."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń fò bí ọ̀bọ, ó nídìí tó fi wọ̀ ọ́. Fàtímọ̀ mi kì í fò o. Ilẹ̀ ló ti ń jó."

"Ẹ ní sùúrù, Ìyá. Àwọn obìnrin orí ìtàgé wá gbà á lò." Ó ṣí ojú ìwé mìíràn. Inú Honoré máa ń dùn tó bá ń kọ́ni, kì í wo ojú ẹni tó ń kọ́. "Láyé Ọbabìnrin Victoria ní London, obìnrin tó bá jẹ́ kí ọrùn ẹsẹ̀ òun hàn ní ìgboro ti rí àbùkù. Ṣùgbọ́n tó bá dé orí ìtàgé, wọ́n á fún un ní ìbọ̀sẹ̀ tó gùn dé ìbàdí, aláwọ̀ ara òyìnbó gan-an. Ẹni tó jókòó lọ́ọ̀ọ́kán á rò pé kò wọ nǹkan kan. Wọ́n á tún fi aṣọ líle tó ní egungun nínú dì í láàárín, wọ́n á fa okùn rẹ̀ títí kò fi ní lè mí kanlẹ̀."

"Kí ló ṣe fún wọn?"

"Kí ìbàdí wọn lè tínrín. Yẹ̀rì wọn ńkọ́? Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni. Iná gáàsì ló sì ń jó létí ìtàgé. Yẹ̀rì gbiná mọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn lára, àwọn kan kú. Omi oògùn kan wà tí wọ́n lè rì í sí tí kò fi ní gbiná, ṣùgbọ́n àwọn míì kọ̀ ọ́. Wọ́n ní ó ń mú yẹ̀rì gan, ó ń mú kí àwọ̀ rẹ̀ ṣá, kò ní dùn ún wò."

"Kò ní dùn ún wò fún ta ni, Maître?"

Honoré ka ìwé rẹ̀ lọ bí ẹni pé ibẹ̀ gan-an ló kàn. "Fún àwọn olówó. Ní Paris, ẹni tó bá san owó ọdún láǹfààní láti wọ ẹ̀yìn aṣọ ìkélé, níbi táwọn oníjó ti ń na ara wọn kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á wò wọ́n, wọ́n á wá yan..." Ó yára ṣí ìwé náà sí ojú ìwé tó kàn.

"Wọ́n á yan kí ni?"

"Ìtàn ni, Ìyá. Ayé àwọn bourgeois nìyẹn. Révolution ti fòpin sí irú ẹ̀."

Sìdíkátù gbójú sókè. Ó wo okùn méje tó so mọ́ ìṣó lára ògiri. Kò lọ ilé-ìwé, kò lo tépù rí. Lọ́wọ́ ìyá ọkọ rẹ̀ ló ti kọ́ṣẹ́, okùn nìyá náà fi ń wọnni, á ta kókó mẹ́rin sí i: kókó kìíní fún èjìká, èkejì fún àyà, ẹ̀kẹta fún ìbàdí, ẹ̀kẹrin fún ìdí. Olúkúlùkù ló ní okùn tirẹ̀, akísà ìró rẹ̀ ni wọ́n á sì so mọ́ ọn lórí. Wọn kì í jẹ́ kí ọkùnrin fọwọ́ kàn án. Tí aṣọ bá parí, aránṣọ á dá okùn padà fún oní-nǹkan, òun fúnra rẹ̀ á tú kókó rẹ̀. Ara obìnrin, tirẹ̀ ni.

Bí wọ́n ṣe wà níbẹ̀ ni alùpùpù mobylette dún lẹ́nu ọ̀nà. Camarade Cyprien wọlé tòun ti awò dúdú lójú. Ẹ gbà mí, ẹ̀yin èèyàn mi! Ọkùnrin náà ti lé ní àádọ́ta ọdún, òórùn lọ́fínńdà rẹ̀ ló kọ́kọ́ wọlé kí òun tó wọlé.

"Prêt pour la révolution!"

"Et la lutte continue!" ni Honoré fi dáhùn, bí àwọn aláṣẹ ṣe ní kí gbogbo èèyàn máa kíra wọn nìyẹn; ó ti dìde dúró.

"Ẹ káàbọ̀," ni Sìdíkátù wí. Kò dìde.

"Màmá, ìwọ̀n àwọn ọmọ náà ni mo wá gbà." Cyprien jókòó láìjẹ́ pé ẹnì kan fi àga lọ̀ ọ́. "Àwọn àlejò ńlá ń bọ̀ ní Porto-Novo. Lẹ́yìn ijó, mẹ́ta nínú àwọn oníjó yóò bá wọn lọ sí ilé àlejò. Wọn á gbé ọtí fún wọn, wọn á bá wọn ṣeré díẹ̀, ilẹ̀ á mọ́. Àwọn tí ìbàdí wọn bá tínrín jù ni kí ẹ sọ fún mi. Ojú lè tanni jẹ, nọ́ńbà kì í purọ́." Ó sì rẹ́rìn-ín, ó fi ahọ́n lá ètè.

Kò sẹ́ni tó bá a rẹ́rìn-ín. Honoré ń wo ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì rọra pa á dé. Ní ti Sìdíkátù, ìríra tó mú un ju ti aṣọ inú páálí lọ. Àbàwọ́n ti aṣọ, èèyàn lè ju aṣọ nù. Àgbàyà tó jókòó sórí àga rẹ̀ yìí, níbo ni wọ́n ń jù ú sí?

"Wọ́n mọ̀?" ó bi í. "Àwọn ọmọ náà mọ̀ pé ilẹ̀ máa mọ́ bá wọn níbẹ̀?"

"Tí wọ́n bá débẹ̀, wọn á mọ̀. Níbo lẹ kọ ọ́ sí?"

"Mi ò mọ̀wé. Okùn ni mo fi ń wọ̀n."

Cyprien rí àwọn okùn náà. "Voilà. Tépù wà lápò mi." Ó nawọ́. Ṣùgbọ́n Sìdíkátù ti dìde, ó ti kó gbogbo rẹ̀ kúrò lórí ìṣó.

"Ọwọ́ ọkùnrin kì í kan èyí."

"Féodalité nìyẹn, Màmá! A ti ní kẹ́ ẹ jáwọ́ nínú àṣà ayé àtijọ́. Ìgbìmọ̀ ló fún yín ní ṣọ́ọ̀bù yìí o. Tí mo bá sọ fún wọn pé ẹ̀ ń dènà révolution, ẹ ò ní ránṣọ ní Ifangni mọ́."

Sìdíkátù jókòó padà. Ó mú okùn kìíní lé itan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú kókó rẹ̀. Èyí tó bá le, á fi eyín tú u. Ó tú ti Delphine, ó tú ti Angèle, ó tú ti Fàtímọ̀. Ó tú u títí tí méjèèje fi di okùn lásán. Kò yára.

Cyprien wò ó tán, ó gbọn ìdí ṣòkòtò rẹ̀. "Kò burú. Lọ́la ni wọ́n ní répétition, tí wọ́n á fi ijó wọn dánra wò. Màá fúnra mi wọ̀n wọ́n." Mobylette rẹ̀ dún lọ.

Ẹ wo wàhálà! Okùn ti tú, ṣùgbọ́n àwọn tó ni ara ṣì wà níbẹ̀, wọn á sì dé ibi ijó lọ́la pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu. Sìdíkátù yíjú sí olùkọ́.

"Ẹ gbọ́."

"Mo gbọ́, Ìyá. Kí ni mo lè ṣe? Iṣẹ́ ìjọba ni mò ń ṣe."

"Bẹ́ẹ̀ náà lẹni tó ń ká aṣọ ìkélé sókè fún àwọn olówó Paris á ṣe wí. Ẹ gbé páálí yín, Maître. Ẹ gbé e jáde níbí."

Ó gbé e. Ó sì jáde lọ.

Sìdíkátù ti ṣọ́ọ̀bù pa, ọ̀sán gangan. Ó rò ó wò. Ó lè rán Fàtímọ̀ lọ sí Banigbé kí ilẹ̀ tó ṣú, lọ́dọ̀ àwọn ẹbí ìyá rẹ̀, kí ó ní ara rẹ̀ ò yá. Kò ní sẹ́ni tó máa bi í. Ṣọ́ọ̀bù á wà, ẹ̀rọ á wà. Yóò ku mẹ́fà fún Cyprien láti yan mẹ́ta nínú wọn. Ó gbọ́ ìrònú náà nínú orí ara rẹ̀, ìrònú náà sì kó o nírìíra. Ó wé gèlè rẹ̀ le, ó kọrí sí ilé Scholastique.

Scholastique, ìyá Delphine, ń yan gàrí lẹ́yìn ilé, èéfín bo ojú rẹ̀. "Ìyá Aránṣọ, ẹ káàsán o! Ṣé aṣọ ti ṣe tán? Mo ti sọ fún gbogbo ará Ko-Koumolou pé ọmọ mi ń lọ jó níwájú àwọn ẹni ńlá."

"Scholastique, gbọ́ mi. Tí mo bá parí ọ̀rọ̀ mi, o lè bú mi." Sìdíkátù bẹ̀rẹ̀ láti orí páálí, ó sì sọ ọ́ dé orí ilé àlejò. Kò fi ọ̀kan pamọ́. Ohun tí Cyprien wí gan-an ló wí, títí kan ìbàdí, títí kan ilẹ̀ á mọ́.

Ọwọ́ Scholastique dúró lórí agbada. "Cyprien? Ẹni tó jókòó sílé mi lọ́jọ́ Àìkú, tó jẹ ẹran mi?"

"Òun ni."

"Ìyá, tí a bá sọ̀rọ̀, wọ́n á ní ọ̀tá révolution ni wá. Wọ́n á gba ṣọ́ọ̀bù yín."

"Kí wọ́n gbà á. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́."

Gàrí ti ń pọ́n nísàlẹ̀ agbada, òórùn rẹ̀ ti ń yí padà, Scholastique ò sì yí i mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fa igi iná jáde lábẹ́ agbada lọ́kọ̀ọ̀kan, ó bu omi pa wọ́n. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ra, ó tún ìró rẹ̀ ró.

"Ilé ta ló kàn?" ó bi Sìdíkátù.