Àga Tí Wọ́n Ń Kó Aṣọ Lé

Tọ́tíyà tó wà nínú páànù ti ń rú èéfín, Imelda Barragán sì ń wò ó láti orí àga. Kò dìde. Ó bu ọbẹ̀ ẹran sínú àwo ara rẹ̀, ó mú ṣíbí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun.

Ní ilé àwọn Barragán ní Salinas, bí oúnjẹ ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ṣe ń lọ kò rí báyìí. Àwọn ọkùnrin á jókòó, obìnrin á dúró ti iná, nítorí búrẹ́dì àgbàdo pẹlẹbẹ yẹn kò gbọdọ̀ tutù: bó bá ṣe ń jinná ni ẹni tó ń yan án á máa gbé e wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìgbà tí gbogbo wọn bá yó, tí wọ́n ń tayín, ni òun á tó jẹ èyí tó ṣẹ́kù, lórí ìdúró. Láti ìgbà tí Rogelio ti gbé Imelda níyàwó ló ti ń jẹun bí ẹṣin. Kò sí ẹni tó ṣe òfin náà, kò sì sí ẹni tó ń rú u.

Irú òfin bẹ́ẹ̀ gan-an ni Ọ̀gbẹ́ni Dacanay ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ wá. Òun ló ń kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ àti ìhùwàsí ẹ̀dá ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìlú, níbi tí Imelda ń lọ ní ìrọ̀lẹ́ bó bá ti kúrò níbi iṣẹ́ rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń di ewé létúùsì sínú páálí. Iṣẹ́ tó fún wọn ni pé kí kálukú rú òfin kan tí wọn kò kọ síbì kankan níṣojú àwọn tó ń pa á mọ́, kó máa wo ìṣe wọn, kó má sì sọ ìdí rẹ̀ títí nǹkan náà á fi parí. Ọmọ kíláàsì rẹ̀ kan ti lọ kọjú sí ògiri nínú ẹ̀rọ tó ń gbé ènìyàn lọ sókè ilé. Imelda fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ náà, ṣùgbọ́n Ọ̀gbẹ́ni Dacanay bi í pé ta ni ìyẹn yóò ká lára. Ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀ ló ti bi í, nítorí kọ́lẹ́ẹ̀jì mẹ́ta ló ń lò ó bí aṣọ àyálò, kò sí èyí tó fún un ní yàrá. Búùtù ni ọ́fíìsì rẹ̀. Ó sọ fún un pé iṣẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ kún fún ìráhùn, kò ní ẹ̀rí nínú, bí èyí náà bá sì rí bẹ́ẹ̀, kò ní yege.

Rogelio ti sọ tirẹ̀ tẹ́lẹ̀: bí Imelda bá fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kan péré, ilé ìwé parí. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó yá ènìyàn ní agboòrùn.

Efraín, àbúrò Rogelio, wo àwo rẹ̀, ó wo páànù, ó wo Imelda.

"Ìyàwó wa, ó jọ pé nǹkan ń jó."

"Ó ń jó," ni Imelda wí, ó sì ní kó bá òun na iyọ̀.

Efraín na iyọ̀. Òun àti Rogelio, àwọn awakọ̀ àjàgbé tó ń gba orí òkè kọjá nínú kùrukùru, wá ń wo ara wọn. Níkẹyìn, Rogelio dìde láti pa iná. Ó yí bọ́tìnnì kan, iná kejì sì tàn. Ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó padà wá jókòó.

"Kí ni mo ṣe?" ló bi ìyàwó rẹ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Imelda ń jẹun lọ. Rogelio bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹ̀ṣẹ̀ tí ẹnì kankan kò bi í. Òun ló fọ́ àwo òdòdó ìyá Imelda, kì í ṣe ológbò. Òun ló sùn nígbà ìwàásù. Nígbà tí ìyẹn kò sì mú un sọ̀rọ̀, ó ní, "Bó bá jẹ́ pé ohun tí mo sọ fún Efraín lo gbọ́, mi ò ní i lọ́kàn. Mo kàn ní o ò ní yege ni."

Efraín tẹjú mọ́ ìkòkò iyọ̀. Imelda rán ara rẹ̀ létí pé wíwò ni iṣẹ́ òun, kì í ṣe ìjà. Ó tún bu ọbẹ̀ sẹ́nu.

Màmá Chayo, ìyá Rogelio, wà lórí ìdúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìfọwọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú orúnkún rẹ̀ tó ń dùn ún. Ó wá fọwọ́ kan iwájú orí Imelda. "Kì í ṣe ibà," ló wí.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́," ni Rogelio wí, "ẹ bá wa yan méjì péré."

Màmá lọ sídìí gáàsì. Ó pa iná méjèèjì. Ó mú tọ́tíyà tó ti dúdú bí èédú, ó gbé e síwájú ọmọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó fa àga kẹrin jáde, èyí tí wọ́n ń kó aṣọ fífọ̀ lé nítorí pé ẹnì kankan kì í jókòó níbẹ̀. Ó kó aṣọ náà lé Efraín lẹ́sẹ̀, ó sì jókòó.

"Rogelio, bu tèmi wá."

Rogelio bù ú. Ìdajì rẹ̀ dà sórí tábìlì.

Nígbà tí àwo ṣófo, Imelda ṣàlàyé bí òfin iṣẹ́ náà ṣe ní kó ṣe: ilé ìwé ló rán an, ó sì ti parí. Rogelio mí kanlẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ti rò pé ó fẹ́ kọ òun sílẹ̀ ni. Ó ní ó yá, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kí wọ́n padà sí bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Màmá Chayo ń fi ìka nu etí àwo rẹ̀. "Ọmọ mi, olùkọ́ rẹ yẹn, ṣé ohun tó o rí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo yẹn tó o fún ẹ̀rí?"

Imelda wò ó. "Kò tó, Màmá."

"Mo rò bẹ́ẹ̀." Ìyá àgbà náà yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Ẹ̀rí kò tíì pé. Kí ẹnì kankan má sì dá Imelda dúró nílé ìwé kí ó tó pé."

Rogelio dìde, ó lọ dúró níwájú gáàsì, ó bi wọ́n pé èwo ni ti páànù nínú àwọn bọ́tìnnì yìí.

Imelda mọ bọ́tìnnì náà. Ó tún ara rẹ̀ ṣe lórí àga, ó sì ń wò ó.