Ta Lo Wò Kí O Tó Rẹ́rìn-ín?

Òjòwú ò lẹ́ran láyà, Ọdẹ́yẹmí sì ti rù tán nítorí Samuel. Lẹ́sẹ̀ Baba Fágbàmílà ní Ọ̀kà ni àwọn méjèèjì ti kọ́ ọgbọ́n, arúgbó tó ń kọ́ni bí a ṣe ń mọ ibi tí agbára wà. Àpótí tí Baba fi ń jókòó kọ́ni ni Ọdẹ́yẹmí ń fẹ́ jogún. Ó ti há gbogbo ọ̀rọ̀ Baba sórí bíi katikísímù. Samuel ńkọ́? Ẹyọ kan ló mú lọ: "Má wo ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Wo ẹni tí àwọn èèyàn ń wò kí wọ́n tó rẹ́rìn-ín."

Ẹyọ kan yẹn ló sọ ọ́ di èèyàn ní Ìkàrẹ́. Àwọn àgbẹ̀ kòkó ti bẹ alága ẹgbẹ́ wọn títí pé kó pààrọ̀ òṣùwọ̀n tó ń rẹ́ wọn jẹ, pàbó ló já sí. Samuel bá wọn jókòó nípàdé, ó ń wojú kiri, ó sì rí i pé ìdí ilẹ̀kùn ni alága ń wò kó tó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ fi alága sílẹ̀. Ìyá ìyàwó rẹ̀ tó ń jẹ obì nídìí ilẹ̀kùn yẹn ni kí ẹ lọ bẹ̀." Wọ́n bẹ ìyá, òṣùwọ̀n tuntun dé. Ni gbogbo ìlú bá ń pe Samuel ní ọlọ́gbọ́n. Inú Ọdẹ́yẹmí ń ta bí ẹni jẹ ata. Òun tó mọ ẹ̀kọ́ Baba lódindi!

Nígbà tí ara Baba ò yá mọ́, ó ránṣẹ́ pe àwọn méjèèjì. Ọdẹ́yẹmí fi kẹ̀kẹ́ gun òkè Ọ̀kà, ó sáré ṣáájú kó lè rojọ́.

"Baba, Samuel ń fi ọ̀rọ̀ yín gbayì kiri, bí ẹni pé òun ló ni ín."

Baba ní kó jókòó. Samuel wọlé, ó dọ̀bálẹ̀. Ọdẹ́yẹmí ò jẹ́ kó dìde tán tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹ̀kọ́ Baba láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò fo ẹyọ kan.

"O ṣeun," ni Baba wí. "Samuel, ìwọ ńkọ́?"

"Ẹyọ kan ló kù lọ́wọ́ mi, Baba. Mo ti gbàgbé ìyókù."

Baba fọwọ́ ra orí rẹ̀ tó pá kodoro. "Ẹyọ kan? Ó kúkú pọ̀ ju irun orí mi lọ."

Ọdẹ́yẹmí yára wo Samuel. Samuel bú sẹ́rìn-ín, òun náà wá rẹ́rìn-ín.

Baba tẹjú mọ́ ọn. "Ọdẹ́yẹmí, ta lo wò kí o tó rẹ́rìn-ín?"

Ọdẹ́yẹmí kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, Baba, èmi ni kí ẹ fún ní àpótí yẹn."

"Kò sí lọ́wọ́ mi mọ́, ọmọ mi. Ìwọ fúnra rẹ lo ti gbé e fún un."