Ohun Tí Akínyẹmí Rí Lára Bọ́ọ̀dù

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti pààrọ̀ fíúsì rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ló sì jóná." Ayọ̀bọ́lá gbé bọ́ọ̀dù kékeré kan kalẹ̀ lórí tábìlì Akínyẹmí. Kò fẹ̀ ju ìka méjì lọ. "Nǹkan mìíràn ló ń jó o, mo sì ti wá a tì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó."

Ojú obìnrin náà ni Akínyẹmí kọ́kọ́ wò. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tó ti ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sí ìsàlẹ̀ títì, ní Arámọkọ níbí, kò sì wọ ṣọ́ọ̀bù Akínyẹmí rí.

Ibì kan náà ni àwọn méjèèjì ti kọ́ iṣẹ́ àtúnṣe kọ̀ǹpútà ní Adó. Akínyẹmí ló ṣáájú níbẹ̀. Òun ló kọ́ Ayọ̀bọ́lá bí wọ́n ṣe ń di àyọ́n sódà mú, irin gbígbóná tí wọ́n fi ń jó nǹkan mọ́ bọ́ọ̀dù. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí obìnrin náà ti dé Arámọkọ, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni àwọn tíṣà ń gbé láptọ́ọ̀pù wọn lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ náà ń lọ. Ní oṣù tó kọjá, àlùfáà ìjọ Akínyẹmí fúnra rẹ̀ gbé kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀ṣì kọjá lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó juwọ́ sí i, ó sì kọrí sí ìsàlẹ̀ títì. Ọwọ́ tó jù yẹn dun Akínyẹmí ju kí ó má kí òun rárá lọ.

"Ìwọ tí o ní ẹ̀rọ tí ń mú nǹkan tóbi," ni ó wí, "kí lo ń wá lọ́dọ̀ èmi tí mo ń fi ojú lásán wò ó?"

"Nínú gbogbo nǹkan kéékèèké tó wà lára rẹ̀, ẹ̀gbọ́n, kò sí èyí tó dúdú, kò sí èyí tó wú. Ẹ̀rọ mi ò rí nǹkan kan. SSD tí láptọ́ọ̀pù Màmá Ògúntóyè ń kó nǹkan pamọ́ sí ni, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ní Ìkòrò. Iná tí wọ́n mú wá ní Sátidé le jù, ó jó láptọ́ọ̀pù wọn. Inú èyí ni gbogbo ohun tí wọ́n kọ wà. Mo ní kí wọ́n wá ní aago mẹ́ta."

Nígbà tó lọ tán, Akínyẹmí kò lè fi ọwọ́ lẹ́rán. Ó fi iná díẹ̀ sí bọ́ọ̀dù náà, ó sì kán sípíríìtì lé e lórí títí gbogbo rẹ̀ fi tutù. Ó tẹjú mọ́ ọn. Ní igun kan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí iná ń gbà wọlé, ojú kan yára gbẹ ju àwọn yòókù lọ. Kapásítọ̀ kan ló wà níbẹ̀, tó kéré bí ẹyọ iyanrìn. Ó fi orí ìka kàn án: ó gbóná. Ó fi mítà kàn án: mítà ké. Inú ló ti jóná, ẹ̀yìn rẹ̀ ń dán. Bí wọ́n bá yọ ọ́, tí wọ́n sì fi fíúsì tuntun sí i, iṣẹ́ ti parí.

Inú rẹ̀ dùn tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pariwo. Ó wá rò ó pé, ta ni yóò gbọ́? Òun ni yóò rí i, Ayọ̀bọ́lá ni wọn yóò máa yìn ní Ìkòrò.

Ní aago mẹ́ta, Ayọ̀bọ́lá mú Màmá wọlé, obìnrin arúgbó tó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, tó fi báàgì kọ́ apá.

"Ó ti kú," Akínyẹmí wí. "Ọpọlọ rẹ̀ gan-an ló jóná. Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i mọ́."

Màmá rọra jókòó sórí bẹ́ńṣì. "Ọdún mọ́kànlá," ni ó wí. "Ọ̀rọ̀ tí à ń sọ ní Ìkòrò ni mò ń kọ pamọ́, èyí tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò mọ̀ mọ́. Ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rin. Àwọn tí mo bi léèrè, púpọ̀ nínú wọn ti kú."

"Ó dùn mí, Màmá," Ayọ̀bọ́lá wí. "Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi yìí ló mọ iṣẹ́ yìí jù ní gbogbo agbègbè wa. Ohun tí mo máa ń sọ fún gbogbo ènìyàn nìyẹn. Bí ó bá ti sọ pé ó kú, ẹ má wulẹ̀ gbé e káàkiri mọ́."

Màmá tọrọ ìwé lọ́wọ́ Akínyẹmí. Ó mú bírò jáde nínú báàgì, ó sì kọ *ulé*, bí wọ́n ṣe ń pe ilé ní Ìkòrò. Ó kọ *uṣu*, ìyẹn iṣu, sí abẹ́ rẹ̀. "Màá tún bẹ̀rẹ̀," ni ó wí. Ó ká ìwé náà, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Akínyẹmí. Ayọ̀bọ́lá mú bọ́ọ̀dù náà, wọ́n sì jáde.

Akínyẹmí fa ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan mọ́ra, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹta ló de síkúrù kan náà sí ibi tí kì í ṣe tirẹ̀. Ìbá ṣe pé Ayọ̀bọ́lá bú òun ni, ìbá rọ òun lọ́rùn. Ó dìde, ó sì gba ìsàlẹ̀ títì lọ. Ẹni mẹ́ta ló jókòó síta tí wọ́n ń dúró de Ayọ̀bọ́lá. Bó ṣe rí wọn, inú rẹ̀ tún bàjẹ́.

Ayọ̀bọ́lá ń fi aṣọ wé bọ́ọ̀dù náà nígbà tó wọlé.

"Irọ́ ni mo pa," Akínyẹmí wí. "Kò kú. Kapásítọ̀ kan péré ni."

"Ẹ ti mọ̀ nígbà tí Màmá jókòó síwájú yín?"

"Mo ti mọ̀."

"Kí ni mo fi ṣe yín, ẹ̀gbọ́n?"

"O ò fi nǹkan kan ṣe mí. Ìlara ni. Ọ̀dọ̀ rẹ ni gbogbo wọn ń lọ."

Ayọ̀bọ́lá kò sọ pé kò burú. Ó tan iná ẹ̀rọ rẹ̀, ó sì fi bọ́ọ̀dù náà sábẹ́ rẹ̀. "Ẹ fi hàn mí."

Akínyẹmí fi orí abẹ́rẹ́ tọ́ka sí i. Ayọ̀bọ́lá yọ ọ́ láìfi ọwọ́ kan àwọn tó yí i ká. Ọwọ́ rẹ̀ dúró ṣinṣin ju ti Akínyẹmí lọ. Akínyẹmí rí i, ó sì dùn ún. Wọ́n fi fíúsì sí i, wọ́n so ó mọ́ kọ̀ǹpútà. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ọ̀rọ̀ Ìkòrò bẹ̀rẹ̀ sí í tò sílẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà náà.

Ayọ̀bọ́lá mú fóònù, ó tẹ nọ́ńbà Màmá. "Màmá ò tíì lè kúrò ní gáréèjì. Màá sọ fún wọn pé a tún un yẹ̀ wò ni."

"Rárá. Gbé e fún mi." Akínyẹmí gba fóònù. "Màmá, Akínyẹmí ni. Mo purọ́ fún yín. Mo ti mọ ohun tó ṣe é kí ẹ tó dé. Mo fẹ́ kí Ayọ̀bọ́lá tẹ́ lójú yín ni."

Ariwo àwọn tí ń pe èrò ọkọ̀ nìkan ló ń gbọ́.

"Ọ̀rọ̀ mi ńkọ́?" ni Màmá bi í.

"Ó pé, mà."

"Mò ń bọ̀. Má kúrò níbẹ̀. Mo fẹ́ rí ojú rẹ."

Akínyẹmí dá fóònù padà. Ó jáde, ó sì jókòó sáàárín àwọn tó ń dúró de Ayọ̀bọ́lá.